Ẹrù Olè Lórí Tábìlì Ọ̀mọ̀wé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Bí òwe yìí bá jẹ́ òtítọ́, kí ni kí a ti pe ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ń gba epo náà sílẹ̀ ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, tí ó sì ń fi í se ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí a fà lé e lọ́wọ́ pé kí ó kọ́ ní ìwé àti ní ìwà? Epo tí mo ń wí kì í ṣe epo pupa. Ètò kọ̀ǹpútà ni: Windows tí a kò san kọ́bọ̀ lé lórí, Office tí ẹnìkan fi kíráàkì já àgádágodo rẹ̀, àti oríṣiríṣi ètò mìíràn tí a ń gbà lọ́wọ́ ara wa nínú fláàṣì, tí kò sì sí ẹni tí ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni ó ni ín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa tí mo bọ̀wọ̀ fún, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò korò létí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ òtítọ́ fún ara wa nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, níbo ni a ó ti sọ ọ́? Mo ní kò sí ìdí kan mọ́ tí ó fi yẹ kí ọmọ Yunifásítì máa fi ohun jíjí kàwé tàbí kí ó máa fi í kọ̀wé, nítorí pé irinṣẹ́ Linux wà nílẹ̀, ó tó iṣẹ́ wa í ṣe, ó bá òfin mu, kò gba owó lọ́wọ́ wa, ó sì fi wá sílẹ̀ kí a tún un ṣe bí èdè wa ti fẹ́. Ẹni tí ó bá ní irọ́ ni mo pa, kí ó jọ̀wọ́ fi sùúrù kà á dé òpin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bú mi.

Fún àǹfààní ẹni tí kò tíì mọ ohun tí Linux í ṣe, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò kan tí í ṣe olórí fún àwọn ètò yòókù, tí ń pín iṣẹ́ fún wọn, tí ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó ṣe èyí, kí ó má ṣe tọ̀hún. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Linux náà jẹ́ ọ̀kan. Ní ọdún 1983, Richard Stallman ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò kọ ètò kan tí ẹnikẹ́ni yóò lè lò, tí yóò lè yẹ inú rẹ̀ wò, tí yóò lè tún ṣe, tí yóò sì lè fún aládùúgbò rẹ̀. GNU ni ó pe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21, kọ kókó inú ètò tí iṣẹ́ GNU kò tíì ní. Nígbà tí a pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ ni ohun tí gbogbo ayé ń pè ní Linux wá délẹ̀. Onírúurú ẹgbẹ́ ni wọ́n ti dì í bí ẹrù láti ìgbà náà wá kí ó lè rọrùn fún aráyé láti gbé: Debian bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, Ubuntu sì jáde ní ọdún 2004 láti ọwọ́ Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ìhà gúúsù Áfíríkà ni orúkọ yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúwàbí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun ìṣeré ni. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017, nínú 500 kọ̀ǹpútà tí ó yára jù lọ ní gbogbo àgbáyé, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí kò lo Linux. Fóònù Android tí ó wà nínú àpò ẹni tí ń ka ìwé yìí, kókó Linux ni ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí a ń lò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni a ń sọ pé a kò mọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ kò sì ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn baba wa ní àáró, wọ́n ní ọ̀wẹ̀. Bí ó bá kan oko Àkànní lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ yóò gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀. Bí ó bá di ọ̀la, ó kan oko Àjàní, Àkànní kò sì gbọdọ̀ sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Linux. Ẹnìkan ní Jámánì rí ibi tí ètò kan ti ń dà á láàmú, ó tún un ṣe, ó sì dá àtúnṣe náà padà sí àárín ẹgbẹ́. Ará Brazil, ará India àti ará Ìbàdàn jọ jẹ àǹfààní rẹ̀. Òfin sì wà tí ń ṣọ́ àáró náà, tí wọ́n ń pè ní GPL, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1989: bí o bá tún ètò náà ṣe, tí o sì fẹ́ fi í fún ẹlòmíràn, o níláti fún un ní ẹ̀tọ́ kan náà tí a fún ìwọ. Ẹni tí a bá ro oko fún kò lè sá ní ọjọ́ tí ó bá kan oko ẹlòmíràn.

Níhìn-ín ni èdè wa ti ràn wá lọ́wọ́ ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun tí a kò fi owó rà àti ẹni tí kò sí ní oko ẹrú. Láti ìgbà tí iṣẹ́ yìí sì ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn tí ń sọ èdè náà ti ń ṣe àlàyé tí kò tán. Yorùbá kò ní wàhálà yẹn. Ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí òmìnira. Kíráàkì jẹ́ ọ̀fẹ́ láìní òmìnira: o kò lè yẹ inú rẹ̀ wò, o kò lè tún un ṣe, o kò tilẹ̀ lè jẹ́wọ́ ní gbangba pé o ní i. Linux ní ọ̀fẹ́, ó ní òmìnira pẹ̀lú. Ǹjẹ́ ọlọ́gbọ́n wo ni yóò fi èkejì sílẹ̀ tí yóò lọ gbé èkínní?

Ẹ wo ohun tí a ń ṣe nínú ọgbà wa. Olùkọ́ a rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó da ojú ewé méjì kọ láti inú ìwé oníwèé láìdárúkọ ẹni tí ó ni í. Olùkọ́ a bínú, a fún un ní òdo, a sì là á yé e pé olè ni ẹni tí ń jí èrò ọmọnìkejì rẹ̀. Òtítọ́ pọ́nńbélé ni olùkọ́ sọ. Ṣùgbọ́n orí kí ni ó ti kọ òdo náà sílẹ̀? Orí ètò jíjí ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe afọ́jú. Nígbà tí àwòrán ẹ̀rọ olùkọ́ bá hàn lára ògiri níwájú gbogbo kíláàsì, tí àkọlé kan sì wà ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀ tí ń tọrọ pé kí a jọ̀wọ́ fìdí Windows yìí múlẹ̀, ohun tí ojú ọmọ rí yẹn ni yóò kọ́, kì í ṣe ohun tí a kà sí i létí. A kò lè fi ẹnu kan bú olè, kí a fi ẹnu kan náà jẹ ọbẹ̀ olè.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó wọ̀nyí lówó ju ìjọba wa lọ; kí ni wọ́n fẹ́ fi tiwa ṣe?” Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ ìwà tì sí apá kan, kí a ṣírò àǹfààní àti òfò. Ẹni tí ó fún ọ ní kíráàkì, ohun tí yóò kọ́kọ́ wí ni pé kí o pa ètò tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ rẹ, kí kíráàkì náà tó lè ṣiṣẹ́. Irú àlejò wo ni í máa ń sọ fún onílé pé kí ó so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí ń lo ohun jíjí a máa bẹ̀rù àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́, kí wọ́n má baà tú àṣírí rẹ̀. Nítorí náà, a ti ìlẹ̀kùn mọ́ àtúnṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft fi àtúnṣe kan síta tí ó dí ihò kan nínú Windows. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ WannaCry gba ojú ihò náà wọ inú kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó ti fáìlì onífáìlì pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ihò náà ti dí lára ẹ̀rọ ẹni tí ó gba àtúnṣe. Ẹni tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àtúnṣe ni ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún olè.

Èyí tí ó súnmọ́ wa jù ni ti ọdún 2025. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìgbà díẹ̀. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kì í sì í gba gbogbo ẹ̀rọ: ó ń béèrè ó kéré tán 4GB ìrántí, 64GB àyè ìpamọ́, àti ohun ìṣọ́ kan tí ń jẹ́ TPM 2.0. Mélòó nínú àwọn laptop tòkunbọ̀ tí òbí wa fi owó èsúsú rà fún wa ni ó ní nǹkan wọ̀nyí? Ṣé kí a wá kó wọn dà sí ààtàn ni, nígbà tí ara wọn ṣì le? Bí a bá gbé Xubuntu tàbí Lubuntu tàbí Debian tí ó fúyẹ́ sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, yóò tún dìde bí ẹni mu àgbo, yóò sì máa gba àtúnṣe láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá dárúkọ irinṣẹ́, kí a má baà sọ pé ariwo lásán ni mo ń pa. Ẹni tí ó fẹ́ kọ lẹ́tà, tí ó fẹ́ ṣe ìṣirò máàkì, tí ó fẹ́ ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, LibreOffice wà fún un láti ọdún 2010, ó sì ń ka ìwé tí a fi Word kọ. Ẹni tí ó fẹ́ wo fíìmù tàbí gbọ́ orin, kí ó lo VLC. Ẹni tí ń tún àwòrán ṣe, GIMP ń dúró dè é. Ẹni tí ń ya àmì ẹgbẹ́ àti ìwé ìkéde, Inkscape ni tirẹ̀. Ẹni tí ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, tí orúkọ ìwé tí ó kà ti di igba, Zotero yóò bá a tò wọ́n. Ẹni tí ń ṣe ìṣirò ìwádìí, R àti PSPP wà. Ẹni tí ó pa fáìlì rẹ́ lórí fláàṣì tí ó sì ń sunkún, kí ó nu ojú rẹ̀, kí ó má kọ nǹkan mìíràn sórí fláàṣì náà, kí ó lo PhotoRec. Ó ṣeé ṣe kí ó rí púpọ̀ gbà padà. A kò sì níláti lọ wá èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kiri ìgboro: ọjà kan ni Linux ní, tí àwọn alábòójútó rẹ̀ ti fi èdìdì sí ẹrù inú rẹ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo, “sudo apt install vlc”, yóò gbé VLC wá sílé láti ọjà náà lórí Ubuntu tàbí Debian. Bí o kò bá sì fẹ́ tẹ àṣẹ, bọ́tìnì wà tí ìwọ yóò tẹ̀.

Àwa ẹgbẹ́ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ kàn jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń kọ èdè wa lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àrékérekè: ẹnìkan á ya lẹ́tà tirẹ̀, á fi ẹ sí àyè lẹ́tà mìíràn, á fi ṣ sí àyè àmì kan tí kò jọ ọ́. Ìwé náà dára lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí a bá gbé e dé ibi ìtẹ̀wé lẹ́nu géètì, ó di rádaràda. Unicode ti fi òpin sí ìyẹn. Ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú rẹ̀. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀. Òtítọ́ ni pé Windows pẹ̀lú ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Èmi kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni nítorí pé mo ń bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Linux ti ṣe tirẹ̀. Bí o bá wá Nàìjíríà nínú àkójọ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ìwọ yóò bá Yorùbá, Haúsá àti Ígbò níbẹ̀. Bí èyí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, yan bọ́tìnì kan ṣe Compose: tẹ̀ ẹ́, tẹ àmì ìyanu, tẹ e, ẹ yóò jáde, fi s dípò e, ṣ yóò jáde. Bí o bá sì fẹ́ kí ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ohùn rẹ̀, fáìlì kan wà tí ń jẹ́ .XCompose, ìwé lásán ni, ìlà kan ni ìwọ yóò kọ sínú rẹ̀. Ìwọ ni o pàṣẹ, ẹ̀rọ gbọ́. Aṣọ àyáwọ̀ kì í yẹni. Bí kò bá fúnni lápá, yóò ṣoni lẹ́sẹ̀. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Olùkọ́ tí ó ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta fáìlì oríkì àti ìjálá tí ó gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, tí ó sì fẹ́ mọ gbogbo ibi tí a ti dárúkọ Ọ̀ṣun, kò níláti ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá wà ní ìwé lásán, grep yóò ka gbogbo wọn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò sì sọ fáìlì àti ìlà. Bí grep bá fo ibì kan tí ojú rẹ̀ rí Ọ̀ṣun níbẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyí: ẹnìkan ti tẹ àmì ohùn ṣáájú, ẹlòmíràn ti tẹ àmì ìsàlẹ̀ ṣáájú, ojú ènìyàn kò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Uconv yóò sọ gbogbo wọn di ọ̀kan náà. Olùkọ́ tí ń kọ́ni ní fónẹ́tíìkì, Praat láti Yunifásítì Amsterdam yóò fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ hàn án bí ìlà tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó ní ìwé Yorùbá àtijọ́ tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà, Tesseract lè kà á láti inú àwòrán, ó sì ní ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá nínú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn níláti tẹ̀lé e lẹ́yìn kí ó tún àṣìṣe ṣe.

Mo yíjú sí ẹ̀yin alábòójútó kọ̀ǹpútà nísinsìnyí, nítorí pé ọwọ́ yín ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún wà. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mélòó ni ó ti bá ẹ̀rọ tí ó kú lọ sí ọ̀run? Nínú rsync ni ìdáhùn wà. Bí ìwé lásán kan bá jẹ́ ojú ewé 300, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì tún ojú ewé méjì péré ṣe lónìí, ìwọ̀nba ohun tí ó yípadà ni rsync yóò fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kejì. Ní ilẹ̀ tí dátà ti wọ́n bí ojú, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Cron yóò máa pè é fún yín ní agogo méjì òru láìsí ẹni tí ó jí. Ẹ ó ní, “Bí iná bá lọ ní agogo méjì òru ńkọ́?” Ìbéèrè ọmọ Nàìjíríà nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì wà: anacron. Bí ẹ̀rọ bá kú ní àkókò tí ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, bí iná bá ti dé tí a sì tan ẹ̀rọ, anacron yóò rántí iṣẹ́ náà, yóò sì ṣe é. Ẹ fi ssh tọ́jú ẹ̀rọ tí ó wà ní ẹ̀ka kejì láìwọ ọkọ̀. Ẹ fi df àti du mọ ẹni tí ó jẹ àyè tán. Ẹ fi ClamAV yẹ fláàṣì àwọn ènìyàn wò kí ó tó wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a óò kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ Ìnáwó fún kí a tó lò ó.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ta ni ó ṣe irinṣẹ́ wọ̀nyí? Akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ bí tiwa ni. Mo ti sọ ti Torvalds. GIMP bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Spencer Kimball àti Peter Mattis ní ọdún 1995, nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Berkeley. VLC jáde láti inú iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale ní Paris bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996. Andrew Tridgell gbé rsync jáde ní ọdún 1996, nígbà tí ó wà ní yunifásítì ní Canberra, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ó sì fi ìmọ̀ inú rẹ̀ kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 1999. Ní ọdún 1995, olè jí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ènìyàn gbé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí Tatu Ylönen wà ní Finland. Kò kàn kígbe olè, ó jókòó, ó kọ ssh. Ross Ihaka àti Robert Gentleman, olùkọ́ ní Yunifásítì Auckland, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ R. Olúkúlùkù wọn rí ohun tí ń ni í lára, ó ṣe é, ó sì fi fún aráyé. Àwa náà rí ohun tí ń ni wá lára. Kí ni àwa ṣe? A lọ wá kíráàkì.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò sọ. Wọn yóò ní Linux le. Èmi ní kò le ju ohun tí a kò tíì fọwọ́ kàn lọ; kò sí ẹni tí a bí pẹ̀lú Windows lọ́wọ́. Wọn yóò ní àwọn ètò kan kò sí lórí Linux. Òtítọ́ ni: AutoCAD kò sí níbẹ̀, Photoshop kò sí níbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí wọn, kí ẹ̀ka rẹ̀ rà á fún un bí ó ti tọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń ya àwòrán ilé? Lẹ́tà àti àpilẹ̀kọ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa ń tẹ̀. Wọn yóò ní ìwé tí a fi LibreOffice kọ a máa yí ìdúró rẹ̀ padà nínú Word. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni; fi í ránṣẹ́ ní PDF, kò ní yí padà mọ́.

Èyí tí ó dà bí ẹni pé ó lágbára jù ni pé ohun tí gbogbo ènìyàn lè rí inú rẹ̀, olè náà lè rí i. Ó ṣẹlẹ̀ rí. Ẹnìkan fi ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe bí ọmọlúwàbí láàárín àwọn tí ń tọ́jú ètò kékeré kan tí ń jẹ́ xz, títí wọ́n fi gbà á gbọ́; ó sì fi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, tí í ṣe òṣìṣẹ́ Microsoft fúnra rẹ̀, rí i pé ssh ń pẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ju bí ó ti yẹ lọ. Ó tú inú rẹ̀ wò, ó rí olè náà, ó sì ké sí gbogbo ayé. Ibi tí mo ń lọ nìyí: ó ṣeé ṣe fún un láti tú inú rẹ̀ wò. Bí olè bá wà nínú kíráàkì rẹ, ta ni yóò tú inú rẹ̀ wò fún ọ?

Nítorí náà, mo bẹ̀bẹ̀ fún ohun mẹ́rin. Èkínní, kí àwọn aláṣẹ Yunifásítì gbé Linux sórí ìdajì ẹ̀rọ tí ó wà ní yàrá kọ̀ǹpútà, kí a sì fi kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Èkejì, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gba iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ní PDF àti ní ODF, tí ó ti di ìlànà àgbáyé láti ọdún 2006, kí ẹnikẹ́ni má baà níláti jalè kí ó tó gba oyè. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olùkọ́ fúnra wọn ṣáájú, nítorí ibi tí olórí bá forí lé ni ọmọ ẹ̀yìn ń tẹ̀lé. Ẹ̀kẹrin kàn wá, àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí: kí a wọ inú àáró náà. Ọ̀pọ̀ ètò ni ó ń retí ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá tí ó dán mọ́rán. Bí àwa tí a ń pe ara wa ní ọlọ́jà èdè Yorùbá kò bá ṣe é, ta ni a ń retí? Ọmọ Finland ni bí?

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò níláti nu Windows rẹ̀ nù lónìí. Kí ó wá fláàṣì 8GB kan, kí ó fi Linux Mint sí i, kí ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ láti orí fláàṣì náà, kí ó lò ó fún wákàtí méjì. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ yóò wà bí ó ti wà, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti tẹ bọ́tìnì pé kí ó wọlé pátápátá. Lẹ́yìn wákàtí méjì náà, bí ó bá ṣì sọ pé ohun jíjí dára ju ohun tí a fi inú rere fún un lọ, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀, kí gbogbo wa lè mọ ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀.